Ikọ́ Ẹ̀gbẹ Tí Kì Í Wúkọ́

Nínú oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1712, ìyá kan gbé ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún méjì àtààbọ̀ láti ìlú Lichfield lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Kókó ti yọ sí ọmọ náà lọ́rùn. Dókítà gan-an ló ní kí wọ́n lọ bá Ọbabìnrin Anne, kó fi ọwọ́ kàn án.

Ọbabìnrin fọwọ́ kàn án lóòótọ́, wọ́n sì so owó wúrà kan kọ́ ọ lọ́rùn. Nígbà tí ọmọ náà dàgbà, ohun tó rántí kò ju obìnrin kan tó fi dáyámọ́ńdì ṣọ̀ṣọ́, tó dé ìborí dúdú gígùn. Samuel Johnson lorúkọ rẹ̀, òun ló wá ṣe ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì tó lókìkí ní 1755. Títí ó fi kú ní 1784, owó wúrà náà ò kúrò lọ́rùn rẹ̀. Àpá ibi tí wọ́n ti fi abẹ la kókó ọ̀hún náà ò sì kúrò.

Àrùn ọba ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe kókó yìí láyé ìgbà náà, torí wọ́n gbà pé ọwọ́ ọba ń wò ó sàn. Àwa tí à ń ki ọba ní aláṣẹ, èkejì òrìṣà, ìgbàgbọ́ wọn ò lè ṣàjèjì sí wa.

Ní 1779, oníṣẹ́ abẹ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Percivall Pott, kọ̀wé nípa àwọn tí ọ̀pá ẹ̀yìn wọn ń tẹ̀ di iké, tí ẹsẹ̀ wọn sì ń rọ. Nígbà náà, kò tíì sẹ́ni tó rí òkodoro ẹ̀rí pé kókó ọrùn, iké yìí àti ikọ́ tó ń gbẹ ènìyàn, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ọjọ́ 24 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1882 ni Robert Koch fi kòkòrò tó ń fà wọ́n han àwọn onímọ̀ ní Berlin.

Inú afẹ́fẹ́ la ti ń fa kòkòrò náà sínú ẹ̀dọ̀fóró. Láti ibẹ̀, ó lè bá ẹ̀jẹ̀ rìn dé ọrùn, eegun ẹ̀yìn, kíndìnrín, àní ọpọlọ pàápàá.

Orúkọ tí a sọ àrùn náà, ikọ́ ẹ̀gbẹ, ló ń tàn wá jẹ. Ẹni tí kò wúkọ́ kì í ronú kan ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ìpara ni yóò máa fi pa ọrùn títí kókó yóò fi bẹ́. Bẹ́ẹ̀, bí dókítà bá fa omi inú kókó náà yẹ̀ wò, àṣírí lè tú. Oògùn rẹ̀ máa ń gbà tó oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀fẹ́ sì ni ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Nàìjíríà.

Ìyá Johnson rin ọ̀nà jíjìn nítorí ìwòsàn tí kò tíì sí láyé. Èyí tó wà lónìí ò jìnnà sí wa tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa fọwọ́ kan ọrùn àwọn ọmọ yín.