Igbá Abẹ́ Ọ̀ṣọ̀ọ̀rò: Àlàyé Lórí Bí Kọ̀ǹpútà Ti Ń Gba Ìhìn àti Bí Ó Ti Ń Rán An Jáde



Ohun tí a fẹ́ sọ lónìí jẹ́ ohun tí ojú kì í rí, ṣùgbọ́n tí ó kan gbogbo ilé. Bí ẹni tí ó wà ní Ìpáò bá ń bá ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù sọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, tí ohùn ọmọ náà sì ń já, tàbí tí ó ń pẹ́ kí ó tó dé, ohun tí a máa ń wí ni pé, “Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kò dára.” A ó dá òpó orí òkè lẹ́bi, a ó sì dá wáyà abẹ́ òkun lẹ́bi pẹ̀lú. Lóòótọ́, wọ́n lè jẹ̀bi. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, wáyà mẹ́rin, èyíinì ni WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ lábẹ́ òkun ní ìtòsí Abidjan, ọ̀pọ̀ ilé ìfowópamọ́ àti ilé iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà sì mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n ìgbà mìíràn wà tí wáyà òkun yè kooro, tí òpó sì dúró ṣinṣin, síbẹ̀ tí ọ̀rọ̀ ṣọnù tàbí tí ó pẹ́ ní ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ilẹ̀kùn náà ni a fẹ́ yẹ̀ wò, nítorí pé ẹni tí ó bá mọ ibi tí òrùlé gbé ń jò kì í ná owó rẹ̀ sí ibòmíràn.

I. KÁÀDÌ ÀTI ATỌ́KÙN RẸ̀

Nínú kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ni káàdì kan wà tí ó jẹ́ ẹnu ọ̀nà fún ìhìn. Òmíràn ń lo wáyà, òmíràn sì ń lo afẹ́fẹ́. Káàdì yìí kò mọ ìyàtọ̀ láàrin lẹ́tà àti àwòrán. Ètò àgbà tí ń ṣàkóso ẹ̀rọ, irú èyí tí a ń pè ní Linux tàbí Windows, ni ó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ètò àgbà náà kò gbọ́ èdè gbogbo káàdì, nítorí pé ilé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó ń ṣe wọ́n. Nítorí náà ni a ṣe fi ètò kékeré kan sí àárín àwọn méjèèjì, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní dráífà. Atọ́kùn ni àwa yóò máa pè é, nítorí òun ni ó ń tọ́ káàdì sọ́nà, tí ó sì ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ètò àgbà.

Ìhìn kì í rìn ní odidi. A máa ń gé e sí wẹ́wẹ́, a sì máa ń dì í ní ìdì-ìdì. Ìdì kan kì í sábà ju 1500 báìtì lọ, báìtì kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lẹ́tà kan nínú ìwé. Bíìtì 8 ni ó sì wà nínú báìtì kan. Lórí wáyà tí ó lè gbé bíìtì bílíọ̀nù kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àwọn ìdì tí ó kéré jù lọ lè dé ní iye tí ó tó 1,488,000 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ta ni yóò dúró máa gbà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan?

II. IGBÁ GBỌ́DỌ̀ ṢÁÁJÚ ÒJÒ

Ẹ wo ilé tí kò ní kànga. Nígbà tí òjò bá ṣú, ìyá ilé kì í dúró títí omi yóò fi máa dà kí ó tó wá igbá kiri. Ó ti to ìkòkò àti korobá sí abẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rò kí ẹ̀kán kìn-ín-ní tó bọ́, nítorí pé òjò kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni atọ́kùn ń ṣe. Kí ìdì kankan tó dé, ó ti lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ ètò àgbà nínú ìrántí ẹ̀rọ. Àyè kọ̀ọ̀kan ni àwọn onímọ̀ ń pè ní bọ́fà. Igbá ni àwa yóò pè é. Igbá kan a sábà máa gba 2048 báìtì, kí odidi ìdì kan lè wọ inú rẹ̀ kí àyè sì ṣẹ́kù. Atọ́kùn a to àwọn igbá wọ̀nyí bí òrùka, tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí a bá kà wọ́n dé ìkẹyìn, a ó tún padà sí ìkínní. Nínú atọ́kùn e1000, èyí tí Linux ń lò fún àwọn káàdì Intel kan, 256 ni iye àyè inú òrùka náà bí ẹnikẹ́ni kò bá yí i padà.

Káàdì a máa da ìdì tí ó bá dé tààrà sínú igbá tí ó kàn. Lẹ́yìn náà ni yóò fi àmì sí i pé igbá yìí ti kún, yóò sì lu agogo. Atọ́kùn yóò dé, yóò gbé igbá tí ó kún fún ètò àgbà, yóò sì fi òfìfo sí ipò rẹ̀. Àmì yìí ṣe pàtàkì púpọ̀, nítorí òun ni ó ń fi hàn ẹni tí igbá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní àkókò náà. Bí ó bá wà lọ́wọ́ káàdì, atọ́kùn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Bí ó bá sì wà lọ́wọ́ atọ́kùn, káàdì kò gbọdọ̀ da ohunkóhun sí i. Bí àwọn méjèèjì bá jọ ki ọwọ́ bọ igbá kan náà, ìhìn kan yóò ba òmíràn jẹ́, ẹ̀rọ náà sì lè dákú.

III. BÍ ÒFÌFO BÁ TÁN

Nísinsìnyí ni a dé ibi tí ó ṣòro. Bí igbá kan bá kún, tí atọ́kùn lọ tọrọ òfìfo, tí ètò àgbà sì dá a lóhùn pé kò sí àyè mọ́ nínú ìrántí, kí ni kí ó ṣe?

Ẹni tí kò bá rò jinlẹ̀ yóò wí pé kí ó gbé èyí tí ó kún lọ, kí ó sì fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ lásán títí àyè yóò fi wà. Ó jọ ọgbọ́n, nítorí pé ìdì kankan kò ṣòfò. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a tẹ̀lé e dé òpin. Ipò kan yóò di asán, lẹ́yìn náà èkejì, títí kò fi ní sí igbá kankan mọ́ nínú òrùka. Nígbà náà káàdì kò ní rí ibi da ìdì sí. Bí kò bá sì da ìdì sí ibì kan, kò ní lu agogo pé ìdì dé. Bí agogo kò bá dún, atọ́kùn kò ní wá. Bí atọ́kùn kò bá sì wá, ta ni yóò gbé òfìfo sí ipò? Bí àyè tilẹ̀ padà wà nínú ìrántí, ẹ̀rọ náà lè wà bí adití títí ẹnì kan yóò fi pa á, tí yóò sì tún un tàn.

Nítorí náà ni àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí dájú ṣe ń pa òfin kan mọ́: kọ́kọ́ wá òfìfo ná, kí o tó gbé èyí tí ó kún. Bí o kò bá rí òfìfo, da ohun tí ó wà nínú igbá nù, kí o sì fi igbá náà sílẹ̀ ní ipò rẹ̀. Ó le létí, ṣùgbọ́n òun ni ó sàn jù. Ìdì kan ṣòfò, ilẹ̀kùn kò sì tì. Nínú ètò tí a ń pè ní TCP, èyí tí ó ń gbé lẹ́tà àti ìwé kiri ayé, ẹni tí ó rán ìdì a máa retí èsì pé ó dé. Bí kò bá gbọ́ èsì, yóò tún un rán. Ìdì tí ó sọnù ní àtúnṣe láti òkèèrè. Ilẹ̀kùn tí ó tì láti inú kò ní i.

IV. IGBÁ TÍ A KÒ FỌ̀

Igbá kan náà ni a ń lò léraléra. Ohun tí a fi gbé lánàá kò gbọdọ̀ wà nínú rẹ̀ nígbà tí a bá fi bu omi fún àlejò lónìí.

Òfin Ethernet ni pé ìdì tí a óò rán kò gbọdọ̀ kéré ju 60 báìtì, láìka báìtì 4 tí a fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ọ̀rọ̀ bá kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, a níláti fi nǹkan dí àyè tí ó kù, òdo ni ó sì yẹ kí a fi dí i. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2003, Ofir Arkin àti Josh Anderson fi hàn pé ọ̀pọ̀ atọ́kùn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó bá wà nínú ìrántí láti ìgbà àtijọ́ ni wọ́n jẹ́ kí ó bá ìdì tuntun jáde. Ẹni tí ó wà lórí wáyà kan náà lè kó èérún ọ̀rọ̀ tí a kò kọ sí i jọ. Ìwé àṣírí ẹlòmíràn sì lè wà nínú èérún náà. Báyìí ni àìfọ igbá ṣe di ìtúsílẹ̀ àṣírí.

V. AGOGO TÍ KÒ JẸ́ KÍ A ṢIṢẸ́

Bí agogo bá ń dún fún ìdì kọ̀ọ̀kan, tí ìdì sì ń dé bí àrọ̀ọ̀rọ̀dá òjò, kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Ìyá ilé yóò máa sáré gbé igbá wọlé láìsinmi, ṣùgbọ́n kò ní ráyè fi omi náà se oúnjẹ. Nígbà tí ó bá yá, ẹnu ọ̀nà inú ilé yóò kún, yóò sì máa da omi tí ó ti fi agbára gbé wọlé nù. Jeffrey Mogul àti K. K. Ramakrishnan ṣe àlàyé àìsàn yìí nínú ìwé kan ní ọdún 1996: ẹ̀rọ ń ṣe làálàá pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan kò parí.

Ní ọdún 2001, Jamal Hadi Salim, Robert Olsson àti Alexey Kuznetsov gbé àtúnṣe kan kalẹ̀ fún Linux, tí a ń pè ní NAPI. Nígbà tí agogo bá dún lẹ́ẹ̀kan, atọ́kùn yóò mú agogo náà dákẹ́, yóò sì máa fúnra rẹ̀ kó igbá. Iye tí a sábà yọ̀ǹda fún un ní ìrìn kan ni 64. Lẹ́yìn èyí ó níláti fi àyè sílẹ̀ fún iṣẹ́ mìíràn. Nígbà tí kò bá sí igbá tí ó kún mọ́, yóò tún dá ohùn padà fún agogo.

VI. IGBÁ TÍ Ó PỌ̀ JÙ

Ẹlòmíràn yóò wí pé, “Bí àìtó igbá bá ń mú kí ìdì ṣòfò, ẹ sọ wọ́n di púpọ̀.” Ní ìhà gbígbà, èyí lè ṣe ìrànwọ́ nígbà tí òjò bá dé lójijì. Ṣùgbọ́n òrùka mìíràn wà fún rírán jáde, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ igbá gbé ń di ìdènà.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ìdì 256, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1500 báìtì, jẹ́ 384,000 báìtì, èyíinì ni 3,072,000 bíìtì. Lórí ọ̀nà tí ń gbé bíìtì bílíọ̀nù kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, gbogbo rẹ̀ yóò jáde láàrin ìdá 3 nínú 1000 ìṣẹ́jú àáyá. Kò sí ẹni tí yóò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀nà tóóró tí ń gbé mílíọ̀nù kan péré, ìṣẹ́jú àáyá 3 gbáko ni yóò gbà. Bí a bá sì sọ igbá náà di 4096, ẹni tí ó tò sẹ́yìn yóò dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 49.

Ẹ wá fi èyí wo ilé kan ní Ìpáò, níbi tí ọ̀nà ìjáde tóóró. Ọmọ kan ń fi àwòrán ìgbéyàwó ránṣẹ́, ìyá rẹ̀ sì ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ nínú yàrá kejì. Ohùn ìyá kéré, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn àwòrán ni yóò tò sí. Ìdì kankan kò ṣòfò, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ ìyá ti bàjẹ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹnu tí ó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ kò wúlò mọ́.

Ohun kan tún burú ju èyí lọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1986, láàrin ilé ìwádìí Lawrence Berkeley àti Yunifásítì California ní Berkeley, tí wọn kò jìnnà sí ara wọn ju nǹkan bí ọ̀pá 400 lọ, ìrìn ìhìn wálẹ̀ láti 32,000 bíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan sí 40 péré. Van Jacobson wádìí rẹ̀, ó sì gbé àtúnṣe jáde ní ọdún 1988: kí ẹni tí ń rán ìdì dẹ ẹsẹ̀ nígbà tí ó bá rí i pé ìdì ṣòfò. Láti ìgbà náà wá, ìdì tí ó ṣòfò ti di oníṣẹ́ tí ń kéde pé ọ̀nà kún. Ẹni tí ó bá to igbá púpọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìdì kì í fi í ṣòfò ti di oníṣẹ́ náà lẹ́nu. Ẹni tí ń ránṣẹ́ kò ní gbọ́, yóò sì máa sáré sí i.

Láti ọdún 2010 ni Jim Gettys ti ń pariwo àìsàn yìí fún gbogbo ayé. Ní ọdún 2012, àtúnṣe méjì jáde. Nínú Linux 3.3, Tom Herbert ṣètò pé kí a máa ka iye báìtì tí a ti fi lé káàdì lọ́wọ́, kí a má sì fún un ju ohun tí ó lè tètè rán lọ. Kathleen Nichols àti Van Jacobson náà gbé CoDel jáde, èyí tí kì í béèrè iye ìdì tí ó wà lórí ìlà. Ó ń béèrè bí ìdì kan ti pẹ́ tó níbẹ̀. Bí ìdúró bá ju ìdá 5 nínú 1000 ìṣẹ́jú àáyá lọ, tí kò sì dínkù títí dé ìdá 100 nínú 1000, yóò bẹ̀rẹ̀ sí da díẹ̀ nù, kí ẹni tí ń ránṣẹ́ lè gbọ́.

VII. OHUN TÍ A LÈ ṢE

Kí ẹnikẹ́ni tó ná owó sí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tí ó tóbi jù, kí ó dán èyí wò. Kí ó wọn ìgbà tí ìdì kan fi ń lọ tí èsì sì ń bọ̀ nígbà tí ilé dákẹ́. Kí ó tún wọ̀n ọ́n nígbà tí ẹnì kan ń fi ẹrù ńlá ránṣẹ́. Bí ìgbà kejì bá fi ìlọ́po mẹ́wàá ju ti ìkínní lọ, ìlà ẹnu ọ̀nà ni ó gùn jù. Nínú ọ̀pọ̀ ráútà, a lè fi ìwọ̀n sí ìrìn ìjáde, kí ó kéré díẹ̀ sí ohun tí ọ̀nà lè gbé. Bí CoDel tàbí irú rẹ̀ bá sì wà níbẹ̀, kí a tàn án.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ ẹ̀kọ́ ní Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tí a dá sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́ ní ọdún 2011, tí ẹ̀ka rẹ̀ wà ní Ìkọ̀lé, ẹ ránti pé gbogbo atọ́kùn inú Linux ni a tẹ̀ jáde ní gbangba fún ẹnikẹ́ni láti kà. Ẹ kà wọ́n. Ẹ wò bóyá atọ́kùn wá òfìfo kí ó tó gbé èyí tí ó kún. Bóyá ó fọ igbá kí ó tó fi ránṣẹ́. Bóyá ó mọ ìgbà tí agogo yẹ kí ó dákẹ́. Àti bóyá ìlà rẹ̀ bá ìwọ̀n ọ̀nà mu. Ọ̀nà tiwa ní apá àríwá Èkìtì yìí ṣì tóóró ní ọ̀pọ̀ ibi, àwa ni àṣìṣe kékeré nínú iṣẹ́ wọn sì ń dùn jù.