Fọ́ọ̀mù ní kí n mú ọ̀kan

Bí ẹ bá ń gbọ́ ohùn adìẹ lẹ́yìn mi, ẹ má bínú, Ìwòrò ni mo wà lónìí, nílé àwọn òbí mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń kún fọ́ọ̀mù kan lórí fóònù. Ó béèrè ẹ̀yà mi. Mo rí Yorùbá, mo rí Ègùn. Àwórì ni bàbá mi, ọmọ Ìwòrò níbí. Ègùn ni ìyá mi, ọmọ Àjídò. Mo fẹ́ mú méjèèjì, fóònù kọ̀. Mo bá mú Yorùbá. Ìyá mi ń wò mí láti ẹ̀yìn. Wọ́n ní, "Èmi ńkọ́?" Mi ò rí èsì fọ̀.

Ẹni tó bá ka fọ́ọ̀mù yẹn á kọ mí sílẹ̀ bíi Yorùbá. Ṣé ohun tí mo jẹ́ ló kà, àbí ohun tí fọ́ọ̀mù gbà kí n sọ?

Àwọn tó ń ṣèwádìí nípa àwọn ará Yúróòpù náà mọ ìṣòro yìí. Ìwádìí Eurobarometer máa ń bi èèyàn bóyá ọmọ orílẹ̀-èdè rẹ̀ nìkan ló ka ara rẹ̀ sí, tàbí ará Yúróòpù nìkan, tàbí méjèèjì. Ìyẹn sàn ju fọ́ọ̀mù tèmi lọ. Síbẹ̀, ọmọ Jámánì lè sọ pé ará Yúróòpù lòun kó jẹ́ owó Euro ló ń rò. Ọmọ Poland lè sọ ọ̀rọ̀ kan náà kó jẹ́ pé jíjìnnà sí Rọ́ṣíà ló wà lọ́kàn rẹ̀. Èsì kan, ìtumọ̀ méjì.

Orúkọ "Yorùbá" fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ní igba ọdún sẹ́yìn, àwọn ará Ọ̀yọ́ ni wọ́n sábà máa ń fi pè. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ ẹrú tí wọ́n kó lọ sí Freetown, Àkú ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀, nítorí "ẹ kú" inú ìkíni wa. Ní Kúbà, Lucumí. Ní Dahomey, Nàgó. Ní 1843 ni Crowther tẹ ìwé rẹ̀ lórí àwọn ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá jáde, àwọn míṣọ́nnárì sì fẹ orúkọ náà títí ó fi bo Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú, Èkìtì àti àwa Àwórì. Ẹni tó bá wá ní òun fẹ́ mọ iye Yorùbá tó wà ní 1820, àwọn wo ló fẹ́ kà?

Ti Ègùn tún wà níbẹ̀: ní 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fa ààlà, ẹbí kan náà sì bọ́ sí orílẹ̀-èdè méjì.

Lójú tèmi, "níbo, lọ́dọ̀ ta ni?" ló yẹ kí wọ́n máa béèrè. Ní Kano, Yorùbá ni mí. Ní London, ọmọ Nàìjíríà. Lọ́jà Àgbádárìgì, tí ìyá mi bá ń ná ẹja ní èdè Ègùn, Ègùn ni mí, ẹ̀dínwó sì wà nínú ẹ̀.

Mo ti kọ̀wé sí àwọn tó ni fọ́ọ̀mù náà pé kí wọ́n jẹ́ kéèyàn lè mú ju ọ̀kan lọ. Wọn ò tíì fèsì. Ìyá mi ń béèrè lójoojúmọ́.