Ìrépé Aṣọ Ẹbí

Àpò ìrépé ankara kan wà nílé wa ní Becontree Heath tí Mọ́mì kì í jẹ́ ká dà nù. Nígbà tí mo gbọ́ pé Project Linus, tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1995, ń gba aṣọ ìbora àfọwọ́rán fún àwọn ọmọ aláìsàn níbí náà, èmi àti ọmọ mi obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í gé e sí onígun mẹ́rin. Mo ní kó má rò pé iṣẹ́ òyìnbó nìkan ni: ẹ̀kú egúngún náà, ìrépé lórí ìrépé ni. (Ẹ má sọ fún Mọ́mì o.)

A ti tò ó tán kí wọ́n tó dé. Wọ́n fa búlúù kan yọ. “Aṣọ òkú bàbá mi nìyí. Ẹ ò gbọdọ̀ fi bo ọmọ aláìsàn.” Mo fẹ́ jiyàn. Ọmọ mi ní, “Grandma, èyí ńkọ́?” Aṣọ ìkómọ tèmi ni! Èyí ńkọ́? Ìgbéyàwó àbúrò wọn. Tíì wa tutù. Mi ò gbọ́ ìdajì ìtàn yẹn rí.

Ẹ kọ́kọ́ fọ ankara kí ẹ tó gé e, kí àwọ̀ rẹ̀ má baà ràn mọ́ ìyókù. Aṣọ ìkómọ ló wà láàárín èyí tí a fi tọrẹ. Búlúù yẹn wà lábẹ́ ìrọ̀rí Mọ́mì.