Ṣé O Mọ̀? Títajà Lórúkọ Olórúkọ ní Etí Omi Ìlàjẹ

Ṣé o mọ̀ pé kóòkì tí ọkọ̀ ojú omi ń kó láti Igbókọ̀dà lọ sí Ayétòrò ní Ìlàjẹ, ìpínlẹ̀ Òǹdó, orúkọ olórúkọ ni wọ́n fi ń tà á? Nigerian Bottling Company, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1951, kọ́ ló ni Coca-Cola. Àṣẹ ni wọ́n gbà láti máa rọ ọ́ sígò kí wọ́n sì máa tà á nílẹ̀ yìí. Atlanta, ní Amẹ́ríkà, ni ẹni tó ni orúkọ wà. Fráńṣáìsì nìyẹn. Ẹnìkan ní orúkọ tí ayé ti mọ̀ àti ìlànà bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ìwọ ní owó, o ní ilé, o sì lè jí ní kùtùkùtù. Ẹ ó jọ tọwọ́ bọ̀wé.

Ṣé o mọ̀ pé dọ́là kan péré ni wọ́n ta irú àṣẹ yìí ní 1899? Agbẹjọ́rò méjì láti Chattanooga, Benjamin Thomas àti Joseph Whitehead, ló lọ bá Asa Candler, tó ni Coca-Cola nígbà náà, pé àwọn fẹ́ máa rọ Coca-Cola sígò. Candler gbà, ìtàn sì sọ pé kò tilẹ̀ gba dọ́là náà. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn ni inú ìwé àdéhùn. Wọn ò kọ ọjọ́ ìparí sí i, wọ́n sì ti so iye tí Candler yóò máa ta omi ṣúgà rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tí ṣúgà gbówó lórí ní àkókò Ogun Àgbáyé Kìíní, kọ́ọ̀tù ni wọ́n bára wọn. Nítorí náà, bí àwọn tó ń ta àṣẹ bá ń sọ iye owó ìwọlé fún ẹ, má tíì yọ̀, má sì tíì bínú. Ní kí wọ́n fún ẹ ní ìwé, kí o kà á tán.

Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀rọ ìránṣọ Singer tó wà ní yàrá ìyá àgbà wà lára àwọn tó la ọ̀nà òwò yìí? Láti àwọn ọdún 1850 ni wọ́n ti ń gbowó lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ àṣẹ láti máa tà á ní agbègbè tiwọn.

Ṣé o mọ̀ pé 1986 ni UAC ṣí ilé oúnjẹ Mr Bigg's ní Èkó? UAC yìí kan náà ni àwọn bàbá wa mọ̀ sí kọ́ńpìnì tó ń ra epo àti ekuro. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ẹlòmíràn láṣẹ láti ṣí tiwọn lórúkọ kan náà, orúkọ náà sì tàn dé ìlú tí kò rí míìtì-páì rí. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ṣe ọjọ́ìbí níbẹ̀. Ní 2013, Famous Brands láti Gúúsù Áfíríkà ra ìdá 49 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀ka ilé oúnjẹ UAC. Nígbà yẹn, Chicken Republic ti wà láti 2004, KFC ti dé ní 2009, Domino's ti wọlé ní 2012, ojú àwọn oníbàárà sì ti ń yí. Lónìí, ọ̀pọ̀ ibi tí àwọ̀ pupa Mr Bigg's ti ń tàn ti di ṣọ́ọ̀bù nǹkan mìíràn. Ẹni tó ra orúkọ náà lè má ṣe àṣìṣe kankan nídìí ìkòkò rẹ̀. Bí ara orúkọ bá ń gbóná ní Èkó, ìbà náà yóò dé ọ̀dọ̀ ẹ níbi tó o wà.

Ṣé o mọ̀ pé orúkọ lè dúró kí ẹni tó ni ín sì ti lọ? Shoprite dé Nàìjíríà ní 2005. Ní 2021, àwọn ará Gúúsù Áfíríkà ta ilé-iṣẹ́ wọn níbí fún ilé-iṣẹ́ ọmọ Nàìjíríà, àmọ́ pátákó kò yí padà: orúkọ Shoprite ni àwọn tó rà á fi ń tajà lọ, pẹ̀lú àṣẹ.

Ṣé o mọ̀ pé orí owó tó wọlé ni àwọn tó ni orúkọ ti ń gé tiwọn, kì í ṣe orí èrè? Èyí ni kí o fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kà. Ní ilé oúnjẹ Subway, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Connecticut ní 1965, ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ọjà tó o bá tà ni owó orúkọ, ìdá 4.5 mìíràn sì ni owó ìpolówó. Ká gbé e wá sílé. Ká ní o ta ₦1,000,000 lóṣù kan. ₦125,000 ti lọ kó o tó san owó òṣìṣẹ́, kó o tó ra gáàsì, kó o tó sọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀. Bí gbogbo ìnáwó ẹ tó kù bá jẹ́ ₦900,000, o ti jẹ gbèsè ₦25,000, àwọn tó ni orúkọ sì ti gba tiwọn tẹ̀ríntẹ̀rín. Wọn ò ṣẹ̀ ẹ́. Ohun tó o fọwọ́ sí ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń fi iye ọjà wú ẹ lórí láìsọ̀rọ̀ èrè, ibi tí tiẹ̀ ti ń wá ló ń fojú sí.

Ṣé o mọ̀ pé McDonald's ń rí owó nínú ilé tó ń yá àwọn tó ń lo orúkọ rẹ̀ ju èyí tó ń rí lórí orúkọ fúnra rẹ̀ lọ? Onílé ni wọ́n. A ò sì ní McDonald's kankan ní Nàìjíríà, ká kúrò níbẹ̀.

Ní báyìí, jẹ́ ká wọkọ̀ padà sí Ìlàjẹ.

Ṣé o mọ̀ pé gúúsù Òǹdó, Ìlàjẹ pẹ̀lú rẹ̀, ti lo ọ̀pọ̀ ọdún láìní iná ìjọba? Ìwé ìlànà ilé oúnjẹ olórúkọ ńlá yóò sọ bí adìẹ ṣe gbọ́dọ̀ tutù tó láti ọjọ́ tí wọ́n pa á títí dé inú òróró. Kò sọ bí jẹnẹrétọ̀ ṣe máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Ẹni tó ń ta yìnyín fún àwọn apẹja mọ ìṣòro yìí ju ẹnikẹ́ni tó kọ ìwé ìlànà lọ. Tún rò ó wò: adìẹ tí wọ́n fọwọ́ sí ní Èkó nìkan ni wọ́n gbà ẹ́ láyè láti rà, yóò fi mọ́tò dé Igbókọ̀dà, yóò tún wọkọ̀ ojú omi, ẹja sì ń fò nínú àwọ̀n níwájú ilé ẹ.

Ṣé o mọ̀ pé o ò lè fi púpurù kún oúnjẹ tí wọ́n fún ẹ láṣẹ láti tà? Ní Ìlàjẹ àti Ìkálẹ̀, ẹni tó ní òun ti jẹun láìfi ọwọ́ kan púpurù àti ọbẹ̀ marúgbó, ẹnu ló kàn fi ṣeré. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lórí pátákó oúnjẹ ní Ìkẹjà ló gbọ́dọ̀ wà lórí tìẹ. Bó o bá fi kún un, o ti rú àdéhùn. Èmi ò ní ra irú orúkọ bẹ́ẹ̀ láìbéèrè bóyá wọ́n máa ń gba oúnjẹ agbègbè láyè, kí n sì rí ìdáhùn náà nínú ìwé, kì í ṣe lẹ́nu ọmọkùnrin tó wọ kóòtù.

Ṣé o mọ ìdí tí irú ilé oúnjẹ wọ̀nyí fi ń rọ́wọ́ mú ní Orè? Àwọn bọ́ọ̀sì tó ń ti Èkó lọ sí Bìní àti Ìlà-Oòrùn ló ń dúró níbẹ̀, ebi sì ti ń pa èrò. Ẹni tó bá dé Igbókọ̀dà, ilé ló ń lọ tàbí ọjà ló ń ná. Àwọn tó kó ẹja gbígbẹ àti edé wá kò ní àkókò láti jókòó sábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù.

Ṣé o mọ̀ pé kìlómítà ni wọ́n fi ń wọn agbègbè tí wọ́n bá pín fún ẹ? Wọ́n á ní ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ ṣí irú tìẹ ní kìlómítà márùn-ún síbi tó o wà. Ó dára lórí títì. Lórí omi, ìlú tó o ń fojú rí ní òdìkejì lè gbà ẹ́ ní odindi owó ọkọ̀ kan, èyí tó jìnnà sì lè jẹ́ ọ̀nà tí gbogbo ọkọ̀ ń gbà. Ní kí wọ́n kọ orúkọ àwọn ìlú sínú ìwé: Ùgbónlà, Ayétòrò, Àwóyè, bó bá ṣe kàn.

Ṣé o mọ̀ pé ogún ọdún ni àdéhùn McDonald's sábà máa ń jẹ́? Nínú ogún ọdún tó kọjá, òkun ti gbé ilé, ilé ẹ̀kọ́ àti ibojì lọ ní Ayétòrò. NDDC, àjọ ìjọba fún ìdàgbàsókè Niger Delta, ti gbé iṣẹ́ ìdènà òkun jáde láti 2004, òkun kò sì dúró dè wọ́n. Àdéhùn tó ní kó o wà lójú kan náà fún ọdún mẹ́wàá, ta ni yóò bá omi fọwọ́ sí i?

Èyí gan-an ló mú mi dé ọ̀dọ̀ àwọn oní-POS, nítorí àwọn ni fráńṣáìsì tó ti rọ́nà wọ àwọn ìlú orí omi, bí a ò tilẹ̀ pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Orúkọ Moniepoint tàbí OPay ló wà lára agbòòrùn, ẹ̀rọ jẹ́ tiwọn, owó tó wà nínú àpótí jẹ́ tìẹ. Ìwọ̀nba èrè díẹ̀díẹ̀ lórí ẹni kọ̀ọ̀kan tó bá gbowó ni wàá máa jẹ. Báǹkì kò tẹ̀ lé ọkọ̀ wá. Ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Àǹtí POS ló dúró de àwọn tó fẹ́ gbowó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, nígbà tí náírà wọ́n, gbogbo Nàìjíríà rí bí iṣẹ́ yìí ṣe lágbára tó, wọ́n sì rí bí iye tí wọ́n ń gbà lórí rẹ̀ ṣe lè fò.

Ṣé o mọ̀ pé òfin ti wọ ibẹ̀? Láti oṣù kejìlá 2024, CBN, báǹkì àpapọ̀, ní aṣojú POS kan kò gbọdọ̀ san ju ₦1,200,000 lójúmọ́ lọ, oníbàárà kan kò sì gbọdọ̀ gbà ju ₦100,000 lọ. Ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní oṣù kẹwàá 2025 tún sọ pé láti ọjọ́ 1 oṣù kẹrin 2026, aṣojú kan kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ fún ju ilé-iṣẹ́ kan lọ. Ẹni tó ń gbé ẹ̀rọ mẹ́ta kalẹ̀, tó jẹ́ pé bí nẹ́tíwọ̀kì ọ̀kan bá lọ òun á fa èkejì yọ, ní láti yan orúkọ kan. Ní etí òkun, níbi tí nẹ́tíwọ̀kì máa ń ṣe bó bá ti wù ú, yíyan yẹn kì í ṣe kékeré.

Ṣé o mọ èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín? Ìwé tí CBN kọ ní oṣù kẹjọ 2025 ní kí wọ́n so ẹ̀rọ POS mọ́ ibi tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ sí, kó má kọjá mítà mẹ́wàá síbẹ̀. Ohun tí wọ́n ń lé ni àwọn oníjìbìtì, mo sì gbà pẹ̀lú wọn. Ṣùgbọ́n ní Ayétòrò, òkun lè sún ìwọ àti ṣọ́ọ̀bù ẹ ju mítà mẹ́wàá lọ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ báǹkì àpapọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wọ iṣẹ́ yìí níbẹ̀, kó kọ́kọ́ béèrè bí wọ́n ṣe ń yí àdírẹ́sì padà àti iye ọjọ́ tó ń gbà.

Ṣé o mọ̀ pé Nàìjíríà kò ní òfin kan pàtó fún fráńṣáìsì? Bí orúkọ náà bá ti òkè òkun wá, NOTAP, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1979, ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbé ìwé àdéhùn lọ láàárín ọgọ́ta ọjọ́, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ báǹkì kò ní bá ẹ fi owó orúkọ ránṣẹ́ lọ́nà tó bófin mu. Bó bá jẹ́ orúkọ abẹ́lé, ohun àkọ́kọ́ ni kó o wò bóyá wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin. Ọdún méje ni ìforúkọsílẹ̀ àmì òwò àkọ́kọ́ ń lò níbí, ìsọdọ̀tun sì jẹ́ ọdún mẹ́rìnlá. Àwọn kan wà tí wọ́n ń ta àṣẹ lórí orúkọ tí kò tíì di tiwọn.

Ṣé o mọ̀ pé etí omi yìí ti ní ilé-iṣẹ́ tó le ní ìlànà ju fráńṣáìsì kankan lọ rí? Ní 1947 ni àwọn ará Ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ Ayétòrò dó. Wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, owó sì ń wọ àpò kan: ẹja pípa, bàtà ṣíṣe, ọkọ̀ ojú omi kíkàn, búrẹ́dì. Kò sẹ́ni tó ń gba owó oṣù. Ọ̀mọ̀wé Stanley Barrett kọ odindi ìwé lé e lórí ní 1977, ó sì fi orúkọ mìíràn, Olowo, bo ìlú náà láṣìírí, bí ẹni pé ìlú bẹ́ẹ̀ méjì wà láyé. Ètò àpò kan yẹn kò kọjá àwọn ọdún 1960, ṣùgbọ́n fún bí ogún ọdún wọn ò yá orúkọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni pé ìlànà kọ́ ló wọ́n ní Ìlàjẹ. Bí ẹnìkan bá ní ọ̀nà àtiyan ẹja tí kì í bàjẹ́, tó dì í dáadáa, tó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀, kí ni kò jẹ́ kí ará Àkúrẹ́ wá bá a gba àṣẹ?

Ṣé o mọ̀ pé ní Amẹ́ríkà, òfin ní kí wọ́n fún ẹ ní ìwé àlàyé ó kéré tán ọjọ́ mẹ́rìnlá kó o tó fọwọ́ sí i tàbí sanwó, kí orúkọ àti nọ́ńbà àwọn tó fi òwò náà sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá sì wà nínú rẹ̀? Níbí, kò sẹ́ni tí òfin mú ní dandan láti fún ẹ. Béèrè náà ni. Mélòó ni ṣọ́ọ̀bù tó ti kógbá sílé láàárín ọdún mẹ́ta, níbo ni àwọn tó ni wọ́n wà? Bí wọ́n bá fún ẹ ní nọ́ńbà ẹni mẹ́ta, orí ẹni tó gbẹ̀yìn ni kó o ti bẹ̀rẹ̀ sí í pè.