Ìgbéga fún Ẹ̀dá Abàmì

Ìwé pẹlẹbẹ mẹ́ta ni Gary Gygax àti Dave Arneson fi dá eré Dungeons & Dragons sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1974. Inú àkọ́kọ́ wọn ni Gygax ti kọ ọ́ pé bó bá wu olùṣeré kan láti jẹ́ dírágónì, kò sóhun tó burú níbẹ̀, bó bá ṣáà gbà láti bẹ̀rẹ̀ ní kékeré, kó sì máa dàgbà díẹ̀díẹ̀ bí àwọn akọni yòókù. Báwo ni yóò ṣe máa dàgbà? Adarí eré ni kó lọ wá ìyẹn ṣe.

Fún ẹni tí kò tíì jókòó sídìí irú eré yìí rí: àwọn ọ̀rẹ́ bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún á yí tábìlì ká, oníkálukú á mú akọni kan. Adarí eré á máa sọ ìtàn fún wọn, òun náà ni yóò sì máa ṣe gbogbo ọ̀tá tí wọ́n bá bá pàdé. Dáìsì ló ń sọ ẹni tí idà bà. Akọni tó bá ṣẹ́gun á gba ìrírí, ìrírí á sì gbé e láti ìpele kan bọ́ sí òmíràn. Ẹ̀dá abàmì ńkọ́? Ibi tí ìwé bá fi í sí ló máa ń wà.

Eré ogun tí wọ́n ń fi ọmọlangidi kéékèèké ṣe ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀. Gygax àti Jeff Perren ti kọ òfin kan tí wọ́n pè ní Chainmail, tó jáde lọ́dún 1971. Níbẹ̀, akọni kan máa ń jà bí ọkùnrin mẹ́rin, àgbà akọni a sì máa jà bí mẹ́jọ. Inú irú ìṣirò yìí ni ohun tí a lè pè ní dáìsì ẹ̀mí ti jáde: bí dáìsì ẹ̀dá kan bá ṣe pọ̀ tó ni ẹ̀mí rẹ̀ ṣe yi tó, bẹ́ẹ̀ náà ni ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń ba ọ̀tá tó.

Dírágónì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dá nìkan máa dàgbà. Nínú Monster Manual ti 1977, Gygax pín ọjọ́ orí rẹ̀ sí mẹ́jọ. Èyí tó kéré jù gba póìntì ẹ̀mí kan lórí dáìsì kọ̀ọ̀kan, arúgbó wọn gba mẹ́jọ. Dírágónì pupa tó ní dáìsì mẹ́wàá á ní póìntì 10 ní kékeré, á sì ní 80 bó bá darúgbó. Iná ẹnu rẹ̀ náà á máa jóni tó iye ẹ̀mí rẹ̀. Adarí eré lè forí ṣe gbogbo rẹ̀ láìmú bírò. Ó ṣòro láti rí òfin ìgbéga tó mọ́ tó èyí nínú gbogbo ohun tó dé lẹ́yìn rẹ̀.

Wọn kò sì fi irú rẹ̀ lọ àwọn ẹ̀dá tó kù. Ẹ̀rù wà níbẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Minnesota, nínú eré Blackmoor tí Arneson ń darí kí ìwé kankan tó jáde, olùṣeré kan ti di afẹ̀jẹ̀mu tó ń jẹ́ Sir Fang, ó sì ń lágbára títí apá àwọn yòókù kò fi ká a mọ́. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe dá irú akọni tuntun kan, àlùfáà tó lè lé òkú tó ń rìn sá; àlùfáà náà ṣì wà nínú eré títí dòní. Nígbà tí Gygax fi máa kọ Dungeon Masters Guide lọ́dún 1979, ohùn rẹ̀ ti yí padà: ó rọ àwọn adarí eré pé kí wọ́n má fàyè gba ẹni tó bá fẹ́ fi ẹ̀dá abàmì ṣeré, nítorí agbára àrà ọ̀tọ̀ ni irú wọn sábà máa ń wá.

Ogún ọdún tó tẹ̀ lé e kò mú òfin kan tó kárí gbogbo wọn wá. Ìwé kan á dé, á mú ìdílé kan ṣe, á kọjá, bíi Council of Wyrms ti 1994 tó jẹ́ kí àwọn olùṣeré di dírágónì.

Ọdún 2000 ni ilẹ̀ yí padà. Ilé-iṣẹ́ Wizards of the Coast, tó ra TSR, ilé-iṣẹ́ tó ń tẹ eré náà jáde, lọ́dún 1997, gbé ẹ̀dà kẹta jáde, iṣẹ́ ọwọ́ Jonathan Tweet, Monte Cook àti Skip Williams. Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn akọni ni wọ́n wá fi wọn ọ̀tá rẹ̀. Troll, ọ̀kan lára àwọn ọ̀tá náà, ní agbára, ìjáfáfá, okun, gbogbo rẹ̀ pé bíi ti ènìyàn. Bó bá wá ní ohun tí akọni ní, kí ló ní kó má gba ìgbéga?

Ìlà kan tí àkọlé rẹ̀ jẹ́ Advancement fara hàn lábẹ́ orúkọ àwọn ẹ̀dá inú ìwé. Ẹ jẹ́ ká mú owlbear, béárì tó gbé orí òwìwí sọ́rùn. (Ìtàn òun fúnra rẹ̀ dùn: inú àwọn ohun ìṣeré oníke olówó pọ́ọ́kú tó wá láti Hong Kong ni Gygax ti rí i, ló bá sọ ọ́ di ọ̀tá lórí tábìlì.) Nínú àtúnṣe ọdún 2003, dáìsì ẹ̀mí 5 ló ní, póìntì 52. Ìlà ìgbéga rẹ̀ sọ pé ó lè ní 6 sí 8 kí ìdúró rẹ̀ má yí padà. Bó bá bọ́ sí 9 títí dé 15, ara rẹ̀ á fẹ̀ sí i. Adarí eré tó bá fẹ́ gbé e dé 15 níṣẹ́ lọ́wọ́. Á fi 8 kún agbára rẹ̀, 4 kún okun, á yọ 2 kúrò nínú ìjáfáfá, á mú awọ rẹ̀ le sí i ní 3. Á wá ọgbọ́n ìjà mẹ́rin sí i fún un, nítorí dáìsì mẹ́ta-mẹ́ta ló ń mú ọ̀kan wá. Á tún ìṣirò ìkọlù àti ìgbèjà ṣe látòkè délẹ̀. Bó bá parí, póìntì ẹ̀mí rẹ̀ á ti wọ 187.

Lẹ́yìn náà ló wá kàn án láti mọ bí ẹranko yìí ṣe le tó. Nọ́ńbà kan tí wọ́n pè ní Challenge Rating ló ń sọ ìpele tó yẹ kí akọni mẹ́rin wà kí wọ́n tó kojú ẹ̀dá kan. Owlbear bẹ̀rẹ̀ ní 4. Òfin ní kí a fi 1 kún un fún gbogbo dáìsì mẹ́ta tí irú rẹ̀ bá gbà. Òmìrán àti òkú tó ń rìn nílò mẹ́rin. Dírágónì, méjì péré, nítorí dáìsì dírágónì kan wúwo ju ti òkú lọ. Ó bọ́gbọ́n mu, ó sì sọ adarí eré di akáúǹtáǹtì.

Ọ̀nà mìíràn tún wà. Ẹ̀dá lè di afẹ̀jẹ̀mu tàbí kó ní ẹ̀jẹ̀ dírágónì lára. Ó sì lè kọ́ṣẹ́ bí ènìyàn, kí ogre, irú òmìrán kan, di jagunjagun. Ibì kan tiẹ̀ wà tí òfin náà pani lẹ́rìn-ín. Tarrasque, ẹ̀dá abàmì tí orúkọ rẹ̀ ti inú ìtàn ìlú Tarascon nílẹ̀ Faransé wá, ní dáìsì 48. Síbẹ̀, wọ́n kọ ìlà ìgbéga fún òun náà: láti 49 lọ sókè, láìlópin.

Lọ́dún 2003 kan náà ni ìwé Savage Species dé, tó gé ẹ̀dá abàmì sí ìpele kéékèèké kí olùṣeré lè bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ìlérí 1974 ṣẹ, ṣùgbọ́n kò rọgbọ. Ogre ní dáìsì mẹ́rin, òfin sì fi ìpele méjì kún un nítorí agbára àbínibí rẹ̀. Ó ní láti bá àwọn akọni ìpele kẹfà rìn. Mẹ́fà-mẹ́fà ni dáìsì àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Tirẹ̀ ṣì jẹ́ mẹ́rin.

Àkókò ló pa ètò yìí. Ẹ̀dá tí adarí eré fi odidi ìrọ̀lẹ́ kọ́ lè kú kí ó tó lo ìdajì ọgbọ́n ìjà rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, àwọn kan ti mọ̀ tipẹ́ pé nọ́ńbà nìkan kọ́ ló ń mú ọ̀tá le. Nínú ìwé ìròyìn Dragon nọ́ńbà 127, ní November 1987, Roger E. Moore ròyìn àwọn kobold adarí eré kan tó ń jẹ́ Tucker. Kobold wà lára ọ̀tá tó rọ jù nínú eré náà, ti Tucker kò sì gba ìgbéga kankan. Iná, ihò tóóró àti ètò ìjà tó já fáfá ni wọ́n fi ń lé àwọn akọni ńlá kiri.

Ẹ̀dà kẹrin, lọ́dún 2008, tún ya akọni àti ọ̀tá sọ́tọ̀. Ìgbéga ìpele kan di 1 kún ìkọlù àti ìgbèjà, pẹ̀lú póìntì ẹ̀mí díẹ̀. Wọ́n pín ọ̀tá sí ìsọ̀rí pẹ̀lú: minion tó ní póìntì ẹ̀mí kan ṣoṣo, elite tó dúró fún ọ̀tá méjì, solo tó dúró fún márùn-ún. Ẹ̀dà karùn-ún ti 2014 wá fọwọ́ kan ibi tó ń dun àwọn adarí eré gan-an: ọ̀tá kan ṣoṣo ń jà lẹ́ẹ̀kan nígbà tí akọni mẹ́rin ń jà lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó fún dírágónì àgbà ní agbára láti ta ìrù tàbí kó na ìyẹ́ bí ẹlòmíràn bá ti ṣe tirẹ̀ tán.

Ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ Paizo ni ìṣirò ẹ̀dà kẹta sá lọ, nínú eré Pathfinder. Àwọn náà rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ nígbà tó yá. Nínú ẹ̀dà kejì wọn, ti 2019, elite ni a fi 2 kún ìgbèjà, ìkọlù àti ìpalára rẹ̀, tí a sì fi póìntì ẹ̀mí 10, 15, 20 tàbí 30 kún tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìpele rẹ̀ bá ṣe ga tó. Lórí Archives of Nethys, níbi tí òfin náà wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, adarí eré kò tiẹ̀ nílò ìṣirò náà mọ́: bó bá tẹ elite lójú ìwé ẹ̀dá tó wù ú, àwọn nọ́ńbà á yí padà fúnra wọn.