Fífi Iṣẹ́ Aya Ẹni Yangàn: Ẹ̀kọ́ Lára Pierre àti Marie Curie

Ohun tó dára ni kí ọkọ máa yin aya rẹ̀ nínú ilé, ṣùgbọ́n ìta gbangba la ti ń mọ̀ bóyá tọkọtaya mọyì ọpọlọ àti iṣẹ́ ọwọ́ ara wọn ní tòótọ́, níbi tí wọ́n ti ń pín oyè àti ìyìn, tí ẹnì kan sì lè dákẹ́ kí gbogbo rẹ̀ di tirẹ̀. Ìtàn Pierre Curie, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Faransé, àti Marie aya rẹ̀ fi èyí hàn kedere.

Ìlú Warsaw ni wọ́n bí Marie sí ní 1867; ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì ní Paris ní 1891, òun àti Pierre sì ṣègbéyàwó ní 1895. Pierre ti lórúkọ nígbà náà, nítorí pé ní 1880, òun àti Jacques ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣàwárí pé òkúta dídán bíi quartz máa ń mú iná mànàmáná jáde bí nǹkan bá tẹ̀ ẹ́ tàbí tó fà á, wọ́n sì fi ìmọ̀ yìí ṣe ẹ̀rọ tó lè wọn iná tó kéré jọjọ.

Ẹ̀rọ yìí ni Marie lò nígbà tó ń ṣèwádìí ìtànṣán àìfojúrí tí Henri Becquerel rí lára uranium ní 1896. Yóò da lẹ́búlẹ́bú ohun tó fẹ́ yẹ̀ wò sórí àwo irin kan, ìtànṣán rẹ̀ yóò jẹ́ kí iná gba inú afẹ́fẹ́ kọjá sí àwo kejì, Marie yóò sì so ìwọ̀n mọ́ quartz náà títí iná tó ń tinú rẹ̀ jáde yóò fi bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba. Ọkọ ló ni ẹ̀rọ, aya ló ni ìbéèrè àti sùúrù tó fi dáhùn rẹ̀.

Ní 1898, Marie rí i pé ìtànṣán pitchblende, ìyẹn òkúta dúdú tí wọ́n ti ń yọ uranium, lágbára ju ti uranium fúnra rẹ̀ lọ, ó sì gbà pé èròjà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ wà nínú rẹ̀. Pierre pa ìwádìí tirẹ̀ tì, ó dara pọ̀ mọ́ ọn, kí ọdún náà sì tó parí, wọ́n ti kéde èròjà tuntun méjì, polonium àti radium. Nínú ìwé tí wọ́n fi kéde polonium, wọ́n kọ ọ́ pé ọ̀kan nínú àwọn ló ṣe ìwádìí tí Marie nìkan ti ṣe ṣáájú. Inú ahéré kan tí òjò ń jò sí ni Marie ti se ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀nù ìdàrọ́ pitchblende, kó tó rí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá gíráàmù iyọ̀ radium ní 1902.

Ní 1903, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Faransé kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ Ẹ̀bùn Nobel, wọ́n dárúkọ Becquerel àti Pierre, wọ́n sì fo Marie. Gösta Mittag-Leffler, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Sweden, ta Pierre lólobó, Pierre sì fèsì pé bí wọ́n bá máa ro ti òun, kí wọ́n ro ti aya òun pọ̀ mọ́ ọn. Báyìí ni Marie ṣe di obìnrin àkọ́kọ́ tó gba Ẹ̀bùn Nobel. Becquerel gba ìdajì, tọkọtaya náà sì pín ìdajì yòókù.

Ìwà yìí kò bu iyì Pierre kù rárá. Kẹ̀kẹ́ ẹṣin pa á ní 1906, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò dúró, Marie nìkan ló sì gba Ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísírì ní 1911. Yinniyinni kí ẹni ó ṣe mìíràn ni Yorùbá wí. Nítorí náà, kí ọkọ tí aya rẹ̀ ń ṣe àdìrẹ, tàbí aya tí ọkọ rẹ̀ ń tún ẹ̀rọ ṣe, mọ iṣẹ́ náà débi tí yóò fi lè ṣàlàyé rẹ̀ fún àlejò, kí ó sì máa dárúkọ ẹni tó ṣe é níbikíbi tí wọ́n bá ti ń yin iṣẹ́ náà.