Lọ́ọ̀kì Bọ́nẹ́ẹ̀tì Ọkọ̀ Hilux

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde ẹlẹgbẹ́ mi, bí lọ́ọ̀kì bọ́nẹ́ẹ̀tì bá bàjẹ́, wáyà ni ọ̀pọ̀ wa fi ń dè é. Èmi pẹ̀lú ṣe bẹ́ẹ̀, títí wáyà fi já lójú ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ sí Emùré: bọ́nẹ́ẹ̀tì ṣí, ó bo gíláàsì iwájú, n kò rí ọ̀nà mọ́. Olúwa ló kó mi yọ.

Ìkọ́ méjì ló wà níbẹ̀: ọ̀kan ni kébù inú ọkọ̀ ń fà, èkejì, tí a ń fi ìka tì, ni olùṣọ́ ìkẹyìn. Bí sípíríǹgì bá kán, ẹ pààrọ̀ gbogbo rẹ̀. Tòkúnbọ̀ tó dára náà tó. Ẹ fi ẹfun sàmì sí àyè ògbólógbòó kí ẹ tó tú bóòtù. Lẹ́yìn náà, kí bọ́nẹ́ẹ̀tì ṣì wà ní ṣíṣí, ẹ fi sukudiráfà ti ìkọ́ tuntun pa, kí ẹ sì fa kébù. Bí kò bá tú, ẹ má tíì pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé.